Abẹ̀mí inú ibú kì í ṣe kòkòrò àrùn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́.

Mo ti ka àbá tí Bùrọ̀dá wa kọ láti Ìkòròdú lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ ọmọ girama nípa òkun. Mẹ́ta ló ní kí a gbà: "kòkòrò àrùn ìsàlẹ̀ òkun" (deep-sea microbes), "ìyípo èédú" (carbon cycle) àti "yìnyín òkun" (marine snow). Àǹtí wa ní Àgbádárìgì sì ti fèsì pé kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, kí a máa kọ "máíkíróòbù" lọ ràì. N kò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ "àrùn", ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Àwọn tí à ń wí yìí, àwọn abẹ̀mí inú òkun tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó bá kú sójú òkun, ìgbẹ́ ẹja, ewé omi tíntìntín tó ti gbó, gbogbo rẹ̀ ló ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú òkùnkùn, àwọn wọ̀nyí ló sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n á ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó balẹ̀, ìwọ̀nba bíńtín ló ń dé inú ẹrẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹ ni wọ́n ń mí, kábọ́nù inú oúnjẹ náà á sì di afẹ́fẹ́ tó yòrò sínú omi.

Àwọn kan máa ní kí a sọ pé "ẹ̀dá àìfojúrí". Ó dùn létí o. Àmọ́ ẹ lọ sọ fún apẹja kan létí ọ̀sà wa níbí pé ẹ̀dá àìfojúrí wà nínú ibú, á bi yín pé kí ni wọ́n fi ń bọ ọ́. "Abẹ̀mí tíntìntín" ni mo fara mọ́.

"Ìsàlẹ̀ òkun" náà ò péye. Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ inú omi gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, láti nǹkan bíi mítà 200 lọ sísàlẹ̀. Òkun jìn tó nǹkan bíi mítà 3,700 ní ìpíndọ́gba, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í sì í kọjá mítà 1,000. Kí ni Yorùbá ń pe irú ibẹ̀ bí kò ṣe ibú? Kí ẹ ṣáà fi àmì sí i dáadáa, torí ti fífẹ̀ ni ìbú.

Ní ti èédú, mo dán an wò ní kíláàsì mi. Ọmọ kan ló nawọ́, ó ní ṣé èédú tí ìyá òun fi ń yan ẹja náà ló ń wọ inú òkun ni. Ẹ dá a lóhùn. Kábọ́nù wà nínú èédú lóòótọ́, àmọ́ ó wà nínú ẹja tí wọ́n ń yan, ó wà nínú gàrí, ó wà nínú èémí ẹni tó ń fẹ́ iná. Nínú afẹ́fẹ́ kábọ́nù (carbon dioxide) tí èèyàn ń tú sójú ọ̀run lọ́dọọdún, òkun ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mì. Ẹ jẹ́ kí kábọ́nù máa jẹ́ kábọ́nù.

"Yìnyín òkun" ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ṣe pe èérún funfun tó ń já bọ́ sínú ibú. Ṣùgbọ́n lọ́jà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí, yìnyín ni wọ́n ń fọ́ lé ẹja lórí kó má bàa jẹrà. Ohun tó ti ń jẹrà la wá fẹ́ sọ ní yìnyín! "Èérún ibú" ti tó.

Ọ̀rọ̀ "ìyípo" ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ohun tó bá ń yípo, a máa ń retí pé kó padà síbi tó ti gbéra láìpẹ́. Kábọ́nù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwọn abẹ̀mí bá mí sínú ibú lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, títí dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún, kí omi náà tó gbé e padà sókè. Èyí tó bá sin sínú ẹrẹ̀ lè máà jáde fún mílíọ̀nù ọdún. "Àlọ-àbọ̀" ni mo dábàá: àlọ kábọ́nù yá, àbọ̀ rẹ̀ pẹ́. (Ẹ má wá sọ fún mi pé ti ahun ni àlọ, ti àna rẹ̀ ni àbọ̀.)

Náítírójìn ló gbádùn mọ́ mi jù, torí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀: dè àti tú. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ abẹ̀mí ò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn kan bíi Trichodesmium, tó ń gbé lójú òkun, ló ń mú un nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ di àmóníà. Dídè (nitrogen fixation) nìyẹn. Ẹnìkan ti kọ̀wé pé átọ́mù náítírójìn méjèèjì inú afẹ́fẹ́ ti so mọ́ra típẹ́típẹ́ tẹ́lẹ̀, pé títú ló yẹ kí a pè é. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni mo fi ń wò ó: bíi ewúrẹ́ tí a ò so ló ń rìn kiri tẹ́lẹ̀, ìgbà tó di àmóníà lọ́wọ́ tó bà á.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ inú ibú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú abẹ̀mí tí à ń pè ní ákíà (archaea) ń gba àmóníà, wọ́n ń lo ọ́síjìn láti sọ ọ́ di náítíráìtì (nitrite), agbára tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ kábọ́nù inú omi di ara wọn, láìsí oòrùn rárá. Àkọ́kọ́ irú wọn tí wọ́n rí dá sìn ni Nitrosopumilus maritimus, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2005. Inú ibi ìsìn ẹja tí èèyàn ń sanwó wò ní Seattle, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí i! Àwọn abẹ̀mí mìíràn ló ń sọ náítíráìtì di náítíréètì (nitrate).

Níbi tí ọ́síjìn bá ti tán nínú omi, bí Òkun Arébíà, etíkun Peru àti ti Nàmíbíà, tó wà lórí òkun Àtìláńtíìkì kan náà tó ń fọ́ lu Àgbádárìgì, àwọn mìíràn á sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ náítírójìn padà. Títú (denitrification) nìyẹn.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ọwọ́ mi ò tó. Ọ̀nà títú méjì ló wà, méjèèjì ló sì ń wáyé láìsí ọ́síjìn; àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní anammox, ni ti pípa àmóníà àti náítíráìtì pọ̀ di afẹ́fẹ́ náítírójìn, tí wọ́n rí ní ibi ìfọ omi ìdọ̀tí ní Nẹ́dálándì láàárín ọdún 1990 sí 1999, tí wọ́n wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú Òkun Dúdú ní 2003. "Títú láìsí ọ́síjìn" ò ya méjèèjì sọ́tọ̀, "títú alápapọ̀" sì dà bí orúkọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù. Lórí ẹyọ yìí nìkan, mo gbà fún Àǹtí: anammox ni mo ṣì ń kọ sára bọ́ọ̀dù, àyàfi tí ẹnìkan nínú yín bá ní èyí tó sàn jù.