Àgbéyẹ̀wò ni, kì í ṣe àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "àyẹ̀wò ọjà ọdọọdún" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ "annual product review" sí Yorùbá, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dọọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan péré ni mo lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ọjà". Òfin Amẹ́ríkà lórí ṣíṣe oògùn, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1978, ní kí wọ́n tú àkọsílẹ̀ oògùn kọ̀ọ̀kan wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: àti ọ̀wọ́ ("batch", oògùn tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tí wọ́n fọwọ́ sí, àti èyí tí wọ́n kọ̀. Èyí tí wọ́n kọ̀ kò dé orí igbá rárá. Báwo la ṣe fẹ́ pè é lọ́jà? "Oògùn" tó. (Ẹni tí "oògùn" bá ń rán létí ońdè, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ.)

"Àyẹ̀wò" ni ìjà mi gan-an wà. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ la máa rò. Oògùn náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àyẹ̀wò tirẹ̀ kó tó jáde. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí kì í fọwọ́ kan oògùn, ìwé ló ń tú: àbájáde gbogbo ọdún, ẹ̀sùn àwọn tó lò ó, èyí tí wọ́n dá padà, ibi tí iṣẹ́ ti yà kúrò lójú ìlànà. Ká ní ààlà agbára hóró oògùn kan jẹ́ 95 sí 105 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gba 101, ìkejì 99, ìkẹta 98, ìkẹrin 96. Gbogbo wọn ló yege. Àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí a bá tò wọ́n síra la máa tó rí i pé agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹlòmíràn mú "àtúnyẹ̀wò" wá. Ìyẹn tún burú jù, torí ó ti ní iṣẹ́ nílẹ̀: oògùn kùnà, wọ́n sì tún un dán wò. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà bẹnu àtẹ́ lu kéèyàn máa tún un dán wò ṣáá títí yóò fi yege. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ tuntun.

"Àgbéyẹ̀wò" ni tèmi. Ọ̀rọ̀ là ń gbé yẹ̀ wò, ẹnìkan kì í gbé ìtọ̀ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: "àgbéyẹ̀wò oògùn ọdọọdún" dún bí oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. "Àgbéyẹ̀wò ọdọọdún lórí oògùn" ló là. Àwọn ará Yúróòpù kò tiẹ̀ fi ọdún sínú orúkọ tiwọn, dídára oògùn ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn, n kò bá a jà.

Ó ku "ọ̀wọ́" tí mo ń lò bọ̀ láti òkè. Mo rí i tí àwọn kan ń kọ "ìpele". Ìpele a máa ga ju ara wọn lọ. Èyí tí wọ́n pò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò ga ju ti ọjọ́ Ajé. Àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀?