Ìyẹ̀ àpáta ni mo fara mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá yín pé ká máa pe ibi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti kúrò lójú ara wọn ní "àṣìṣe ilẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣàṣìṣe níbẹ̀? Òyìnbó ló fi orúkọ kan náà, "fault", pe ẹ̀bi, ìyẹn ò kàn wá. "Ojú sísán" tí àbúrò wa fi fèsì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri lè sán kí apá méjèèjì má sún rárá. Ti àpáta yìí, apá kan ti rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àwọn tó ń to eegun ní ọ̀rọ̀ fún un: eegun *yẹ̀*. Ìyẹ̀ àpáta ni tèmi.

Ẹ wo ìyẹ̀ Ifẹ̀wàrà nítòsí Iléṣà. Òkúta dúdú tó wúwo ló pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkúta funfun líle ní ìlà-oòrùn. Igbó àti ilẹ̀ pupa ti bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ tọpa rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi kejì wà. Ìwádìí méjì ni wọ́n fi ń tọpa ìyẹ̀: ọ̀kan ń wọn agbára tó ń fa irin mọ́ra, èkejì ń wọn agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀. Ẹ̀yin fi "òòfà" pe méjèèjì. Ohun tó fa ọsàn já bọ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń fa abẹ́rẹ́ mọ́ra! Òkúta lè wúwo gan-an kó má lóòfà. Ẹ jẹ́ ká fi òòfà sílẹ̀ fún ti irin, ká pe ìkejì ní ìfàwálẹ̀.

Ti òòfà, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n káàkiri Nàìjíríà, ní nǹkan bíi mítà 80 sókè. Níbi tí omi ti ń gba ojú ìyẹ̀ wọlé láti ayébáyé, irin inú òkúta á dógùn-ún, òòfà á rẹlẹ̀, ilà kan á sì hàn lórí àwòrán.

Ti ìfàwálẹ̀, ẹ̀rọ tí nǹkan so rọ̀ sórí sípírìńgì nínú rẹ̀ ni. Lókè òkúta tó kì, sípírìńgì á fà díẹ̀ sí i. Díẹ̀ náà kéré o: ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ gbé ogún àpò sìmẹ́ǹtì sórí ìwọ̀n, tí ìwọ̀n náà sì mọ̀ bí ìwúwo wọn bá fi gíráàmù kan péré yàtọ̀.

Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí lára "ìyẹ̀": ẹni tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ á kà á sí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà kì í fàmì.