Ajílẹ̀ tí kò kan ilẹ̀: kí la ó máa pe oúnjẹ tí à ń fín sára ewé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Àǹtí wa tó ń kọ ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ wa: orúkọ fún ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń fín sára ewé, àti orúkọ fún ohun tí ewé ń ṣe nígbà tó bá ń gba èròjà inú rẹ̀. Ẹnì kan ní ká pe àkọ́kọ́ ní "ají-ewé". Ẹlòmíì ní "oúnjẹ ẹnu ewé". Ẹnì kẹta sì mú "ìwọwé" wá fún iṣẹ́ tí ewé ń ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹni tó mú "ají-ewé" wá ń lé. Ohun tó ń jí ilẹ̀ la pè ní ajílẹ̀, èyí tí à ń fín yìí kì í sì í kan ilẹ̀, nítorí náà "ajílẹ̀ ewé" ń ta ko ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ dé oko ẹlẹ́fọ̀ọ́ tẹ̀tẹ̀ kan, kí ẹ ké sí i pé ají-ewé ti dé o. Igi ni yóò kọ́kọ́ wá mú, torí olè tó ń jí ewé ni yóò rò pé ó dé.

"Ẹnu ewé" ló ń dà mí láàmú jù, torí ó ń kọ́ni ní ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá a lábàá gbà pé àwọn ihò tíntìntín tí ewé fi ń mí, tí wọ́n pọ̀ sí abẹ́ ewé lára ọ̀pọ̀ irúgbìn, ni èròjà ń gbà wọlé. Díẹ̀ ń gba ibẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ara ewé ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò, ìda sì wà nínú awọ náà àti lórí rẹ̀. Ẹ da omi sórí ewé kókò kí ẹ wò ó: yóò ká jọ róbótó, yóò yí gbirigbiri, yóò sì bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ kí ewé tutù. Síbẹ̀ ìda yẹn kò dí pátápátá. Àwọn àyè kan wà nínú awọ náà, tí ojú kò lè rí, tí omi àti ohun tó bá yọ́ sínú omi lè rọra gbà kọjá, pàápàá nídìí irun ara ewé. Ìgbà tí ara ewé ṣì tutù ni ó ń ṣeé ṣe dáadáa. Bí oòrùn bá ti fa omi náà gbẹ, èròjà á kàn di ìyẹ̀fun sórí ewé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní ká fín in ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí jíjẹ níbẹ̀, kò sí mímu. Àwa tí a mọ àgbo yàtọ̀ sí ìpara, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ìpara lèyí.

"Ìwọwé" ló sún mọ́ òtítọ́ jù, torí a máa ń sọ pé òróró wọ ara. Ohùn orí rẹ̀ ló bà á jẹ́. Igi tó bá wọ́wé, ó ti gbọn ewé rẹ̀ dànù. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pe àkókò tí ewé ń rẹ̀ ní ìlú òtútù ní ìgbà ìwọ́wé. Ta ló sì ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú WhatsApp? Àgbẹ̀ tó bá kà á pé ohun tó rà yìí ń mú "iwowe" wá yóò dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó bá sì po ó le jù, ewé á jó, á sì wọ́ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ wa á wá di ẹlẹ́rìí. (Ẹ má sì sọ pé ká yí i sí "ìwọra". Olójúkòkòrò ti gba ìyẹn.)

Àbá tèmi ni pé ká ya ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ewé ń ṣe. Àgbẹ̀ ń fín. Àwọn olóko kòkó wa ti ń fín kòkó látọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìtumọ̀. Nítorí náà, "oúnjẹ àfínséwé", kó má bàa dàrú mọ́ oògùn tí à ń fín pa kòkòrò. Ti ewé ni "ìgbàsára". Kì í ṣe gbogbo ohun tí a fín ni ewé ń gbà sára, ó sì dára kí ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ kí ìyẹn hàn.

Ẹ wo Oahu, erékùṣù kan ní Hawaii. Ilẹ̀ tí irin kún inú rẹ̀ ni wọ́n gbin ọ̀pẹ̀-òyìnbó sí, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú, torí manganese, èròjà mìíràn tó pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, kò jẹ́ kí ọ̀gbìn náà rí irin lò. Ní 1916, Maxwell Johnson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, kọ ọ́ jáde pé bí wọ́n bá po iron sulphate, ìyẹn iyọ̀ irin, mọ́ omi, tí wọ́n fín in sára ewé, àwọ̀ ewé tútù á padà sí i. Àmọ́ wọ́n ní láti máa fín in léraléra. Irin tó bá wọ ewé kan kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí èyí tó ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn, ibi tí omi náà kán sí nìkan ni àwọ̀ tútù á padà sí, tí ìyókù ewé kan náà á ṣì pọ́n. Ewé yẹn ló gbà á sára. "Oúnjẹ ẹnu ewé" á mú kéèyàn rò pé igi látòkèdélẹ̀ ti yó.

Ó ku irin, zinc, boron, bàbà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, àwọn èròjà tí irúgbìn ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní "èròjà kékeré". Mi ò fara mọ́ kékeré, ó dà bí ohun tí kò ṣe pàtàkì. Nínú kílò kan ewé gbígbẹ, zinc lè má ju nǹkan bí mílígíráàmù 20 lọ, níbi tí náítírójìn ti tó gíráàmù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bí zinc yẹn bá dín, ewé á kéré, á sì lọ́. Boron ní tirẹ̀, èyí tó tó àti èyí tó ń ṣe ìpalára kò jìnnà síra wọn. "Èròjà ìwọ̀nba" ni kí Àǹtí kọ. Ó sọ pé kò pọ̀, ó sì kìlọ̀ pé kó má pọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí Àǹtí kò bèèrè, tí yóò sì nílò lójú ìwé kejì: ohun bí ọṣẹ tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí omi lè tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ìda dípò kó yí dànù. Mo ń rò "alẹ̀mọ́wé", ṣùgbọ́n títẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ju lílẹ̀ lọ. Ta ló ní èyí tó sàn jù?