Guinea pig àti òjò Òṣogbo: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àdùkẹ́_Ọ̀tàẸ̀fun
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin tèmi, ẹ sì kú òjò. Àwọn ọmọ mi ní guinea pig méjì (ẹran kékeré onírun tí kò ní ìrù yẹn), abo ni méjèèjì, àbúrò ọkọ mi ló rà wọ́n bọ̀ láti Ìbàdàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀yìn ilé la máa ń kó wọn sí nírọ̀lẹ́, wọ́n á jẹ koríko títí, wọ́n á máa fò sókè bí ẹni tí eèrà ta. Ní báyìí tí òjò lè rọ̀ láàárọ̀ kó tún rọ̀ nírọ̀lẹ́, inú kéèjì ní kọ́rídọ̀ ni wọ́n wà, ó ti sú wọn, ọ̀kan ń fi eyín ha wáyà ní gbogbo òru, kò jẹ́ ká sùn. Ṣé mo lè máa gbé wọn síta bí òjò bá dá tí ilẹ̀ ṣì tutù? Ṣé lóòótọ́ ni koríko tútù máa ń pa wọ́n bí ìyá onílé wa ṣe sọ? Irú ibòrí wo lẹ̀yin ń lò? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí o, ẹ má júwe nǹkan tó máa wọkọ̀ òfuurufú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

BàbáEhoro_Dàda
Ẹ kú ilé o àǹtí. Ehoro lèmi ń sìn, àmọ́ koríko kúkú ni gbogbo wọn ń jẹ. Ẹ má gbé wọn síta rárá. Koríko tútù yẹn, ikùn wọn á wú gbàǹgbà, kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti kú. Ẹ gé e, ẹ sá a kó rọ, kẹ́ ẹ tó fún wọn. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n rí ẹgbẹ́ bá ṣeré, ẹ gbé wọn wá, àyè wà nínú àgò ehoro mi.

Sùúrù_Lére
Ẹ ní ẹran nílé, ẹ ń wá ibi tó ti máa ṣeré. Ní Peru tí wọ́n ti wá gan-an, sísun ni wọ́n ń sun ún jẹ.

Àdùkẹ́_Ọ̀tàẸ̀fun
@Sùúrù_Lére kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ káwọn ọmọ mi rí ohun tẹ́ ẹ kọ yìí 😂

Akẹ́kọ̀ọ́_Vet
Ẹ̀gbọ́n BàbáEhoro, ẹ má bínú o, ẹ jù mí lọ nídìí ẹran sísìn, àmọ́ ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Kì í ṣe omi ara koríko ló ń wú wọn nínú. Koríko tí òjò pa, tó ṣì dúró lórí ilẹ̀, tí ẹran fi ẹnu ara ẹ̀ já jẹ, kò ní ṣe é ní nǹkan kan tó bá ti mọ́ ọn lára. Èyí tó burú lèyí tí wọ́n gé ní tútù tí wọ́n kì mọ́nú àpò, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tọwọ́ bọ àárín ẹ̀ ẹ máa rí i pé ó ti ń gbóná, òórùn kíkan ti ń jáde. Inú ikùn ló ti máa parí kíkan ẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún ibẹ̀, guinea pig ò sì lè bì. Ohun kejì ni kéèyàn fi oúnjẹ gbígbẹ nìkan bọ́ wọn fún oṣù kan kó wá dédé tú wọn sórí koríko tútù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á yàgbẹ́ gbuuru. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni omi ara ẹran náà fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kúrú, ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, tó bá rìn lórí koríko tútù fúngbà díẹ̀ abẹ́ ẹ̀ á ti rin gbingbin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ látòkè á rò pé ó gbẹ. Ibẹ̀ ni òtútù ti ń wọlé, ó sì máa ń yára di òtútù àyà. Ìwọ̀n 18 sí 24 lórí Celsius ló bá wọn lára mu jù. Tó bá ti ń kọjá 27 ooru náà ti ń di ewu, ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí oòrùn tó máa ń yọ ganganran lẹ́yìn òjò níbí yìí lè pa guinea pig tí kò rí ibòòji sá sí.

Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ ehoro. Kòkòrò àìsàn kan ń jẹ́ Bordetella, ó lè wà lára ehoro kí nǹkan kan má ṣe ehoro, tó bá dé ara guinea pig òtútù àyà tó ń pààyàn, mo túmọ̀ sí tó ń pa ẹran, ló ń fà. Ká má tíì sọ ìpá tí ehoro máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta wọ́n.

BàbáEhoro_Dàda
Ti kòkòrò yẹn, mo gbà. Ti koríko, mi ò tíì gbà tán. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo sọ.

ÌyáÌbejì_Alékùúwodò
Àdùkẹ́ mi, èmi kì í gbé wọn lọ síta lásìkò òjò, ìta ni mo máa ń gbé wá bá wọn. Fàráńdà ẹ̀yìn wa ní páànù lórí, kóńkéré ni ilẹ̀ ẹ̀. Bí òjò bá ti dá màá mú ọ̀bẹ lọ sẹ́yìn ilé, màá gé eéran àti ewé yúnyún tí ehoro ń jẹ yẹn àti ìtàkùn ọ̀dùnkún, màá gbọ̀n ọ́n dáadáa, màá tẹ́ ẹ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí àpò kí omi ara ẹ̀ dà nù, kí n tó wá fọ́n ọn káàkiri fàráńdà, díẹ̀ níbí díẹ̀ lọ́hùn-ún, díẹ̀ lábẹ́ àga, díẹ̀ nínú agbọ̀n tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè fi imú tì í. Kí wọ́n máa wá a kiri. Ìwákiri yẹn gan-an leré wọn, kì í kúkú ṣe afẹ́fẹ́ ìta ni wọ́n ń sunkún ẹ̀. Ẹran tó ń ha wáyà lóru yẹn, iṣẹ́ ni kò rí ṣe.

Wá ìkòkò àmọ̀ tó ti fọ́ lẹ́nu, dà á dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí àrá bá sán tàbí òjò já lu páànù lójijì, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa sá sí, tí wọn ò bá ríbi sá sí ṣe ni wọ́n á dì gbagidi sójú kan tí àyà wọn á máa lù kìkì. Páálí ò dáa lásìkò yìí, ó máa ń fa omi, kò ní pẹ́ rà.

Má sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí kóńkéré lásán. Tẹ́ aṣọ tó nípọn, kó o sì ní èyí tó o máa máa fi pààrọ̀, torí ìwọ náà mọ̀ pé lóṣù Keje aṣọ kì í gbẹ nílé ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo. Ilẹ̀ tó rin máa ń bó àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó sì máa ń jẹ́ kí làpálàpá mú wọn, làpálàpá yẹn á kó ran àwọn ọmọ. Ewé gbágùúdá àti ewé píà, má dán an wò, májèlé ni fún wọn.

Káfíńtà_Ìgbọ̀nà
Tó bá jẹ́ férémù tí wọ́n lè máa gbé kiri ni ẹ fẹ́, kò le. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀, kan ààbọ̀ ní gíga, tó àwọn méjì dáadáa, wọn kì í fò ga, wọn kì í gun nǹkan. Nẹ́ẹ̀tì olójú kéékèèké ni o, ojú nẹ́ẹ̀tì adìẹ tóbi, ejò á gbà á wọlé. Òkè ẹ̀, ìdajì nẹ́ẹ̀tì, ìdajì páànù tó dagun sẹ́yìn kí omi lè ṣàn lọ. Ẹ jẹ́ kí páànù yẹn yọ kọjá férémù ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, òjò ibí yìí kì í já wálẹ̀ tààrà, ẹ̀fúùfù ló ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ fi tapólì dí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀fúùfù ti ń wá nìkan. Ẹni tó bá dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ pa, òórùn ìtọ̀ ló máa sé mọ́ wọn níbẹ̀, á máa ta wọ́n lójú àti nímú.

Èmi kì í fi ìsàlẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ ẹ gbé e sórí koríko, ọjọ́ tí kò bá gbẹ ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ tẹ́ pákó lé e, ẹ wá gbé férémù lé pákó. Kí àlàfo má sí láàárín pákó, ẹsẹ̀ wọn lè há síbẹ̀. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń ha wáyà yìí á ha òun náà. Tí ẹ bá fẹ́ nǹkan tẹ́ sábẹ́ wọn, ẹ bèèrè èyí tí páléènì fá sílẹ̀, tó ká kóró kóró, ẹ má gba ìyẹ̀fun kúnnákúnná ti sọ́mììlì, ìyẹn máa ń wọ̀ wọ́n nímú.

Ọmọ_Gbódòfọn
Ẹ̀yin ò tíì dárúkọ ìjàlọ. Òjò ló ń lé wọn jáde nínú ilẹ̀, ẹran tó bá sì wà nínú férémù kò ríbi sá. Kí ẹ tó gbé wọn sórí koríko ẹ rìn yí ibẹ̀ ká, ẹ wo ìdí ògiri. Lálẹ́, ẹ ki ẹsẹ̀ kéèjì bọ inú agolo tó ní ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti jó, kí ìjàlọ má lè gùn ún.

Èkejì: ẹ bi aládùúgbò bóyá ó fín oògùn apakoríko láìpẹ́ yìí. Àgbàrá á gbé e gba abẹ́ fẹ́ǹsì wọnú ọgbà yín, koríko yín á sì ṣì tutù minijọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Koríko etí gọ́tà, ẹ fi sílẹ̀.

Àdùkẹ́_Ọ̀tàẸ̀fun
Ẹ ṣé gan-an ni. @Akẹ́kọ̀ọ́_Vet, ọ̀kan nínú wọn ti ń sín láti àná, àmọ́ ó ń jẹun. Ẹnìkan ní kí n tú kápúsù ampicillin sínú omi fún un. Ẹlòmíì ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòlù pọ́ọ̀tù bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ adìẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Vet
RÁRÁ o. Ẹ má fún un ní ampicillin, ẹ má fún un ní amoxicillin, gbogbo ìdílé penicillin pátápátá. Àwọn kòkòrò rere tó ń bá wọn da oúnjẹ nínú ìfun loògùn yẹn máa pa, àwọn burúkú á gba ipò wọn, oògùn yẹn ló máa pa á kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Àwọn oògùn mìíràn wà tí dókítà ẹran lè fún un, àmọ́ òun ló máa wọ̀n ọ́n fún un.

Kóòlù pọ́ọ̀tù náà, ẹ gbé e kúrò. Èéfín èédú kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró wọn. Táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ ni, ẹ nu abẹ́ ikùn àti àárín itan títí ọwọ́ yín ò fi ní bá omi mọ́, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ wé e sára yín. Kí ẹ tún wo ìdí ẹ̀ lójoojúmọ́ lásìkò òjò yìí, tó bá rin tó sì ní ìgbẹ́ lára, eṣinṣin á yé sí i, láàárín ọjọ́ kan ó ti lè di ìdin.

Tó bá sín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó ń jẹun, eruku ohun tẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ lè ni. Àmọ́ tí nǹkan bá ń jáde nímú tàbí lójú ẹ̀, tí ẹ gbọ́ tí èémí ẹ̀ ń ró, tó káwọ́ kẹ́sẹ̀ sójú kan tí irun ẹ̀ dìde, tàbí tí kò jẹun láàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ má dúró, ẹ wá dókítà ẹran. Tí ti tòsí bá ní òun ò mọwọ́ guinea pig, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà.

Mo fẹ́ gbàgbé: ara wọn ò lè ṣe fítámì C fúnra ẹ̀, bíi tàwa èèyàn. Gúrófà, tàbí ata gíríìnì ńlá tí wọ́n ń gé sí fráìdì ráìsì, ẹ bù ú fún wọn lójoojúmọ́.

Àdùkẹ́_Ọ̀tàẸ̀fun
Ó jẹun láàárọ̀ yìí, imú ẹ̀ gbẹ. Mo ti da ìyẹ̀fun sọ́mììlì tí mo tẹ́ sábẹ́ wọn nù. Ti fàráńdà Ìyá Ìbejì ni màá kọ́kọ́ ṣe ná. Ìgbà tí òjò bá wá dá fún ọjọ́ bíi mélòó kan, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ti gbẹ tó?

ÌyáÌbejì_Alékùúwodò
Fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ìdí koríko, má ra orí ẹ̀. Ìdí ló ń pẹ́ gbẹ. Tó bá ti mú omi wá sọ́wọ́ ẹ, ó dọ̀la. Má gbé wọn jáde láàárọ̀ rárá, ìrì wà. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dáa, kó o jókòó tì wọ́n, àṣá ò ní kí ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

BàbáEhoro_Dàda
Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ koríko gbígbẹ yó kí wọ́n tó jáde o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Vet
Lórí ìyẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n ò jà 😄

Àdùkẹ́_Ọ̀tàẸ̀fun
@Káfíńtà_Ìgbọ̀nà, èló ni férémù yẹn máa jẹ́ bọ̀ọ̀dá?

Káfíńtà_Ìgbọ̀nà
Ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí ná, fàráńdà àti ẹnu ọ̀nà tó máa gbà kọjá. Tépù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n o, ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mo ní àjákù páànù nílẹ̀, ẹ ò ní sanwó ìyẹn.