Ẹ gbà mí o: sípíríǹgì ilẹ̀kùn gáréèjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjàpọ̀ l'Ákùrẹ́ ni mò ń gbé. Mo fẹ́ sọ gáréèjì bàbá mi di ṣọ́ọ̀bù tí màá ti máa kan àga àti tábìlì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣe géètì onírin tí a mọ̀. Èyí tó ń ká lọ sókè àjà ni, òkè òkun ni bàbá ti gbé e wá. Mo fẹ́ yọ ọ́, kí n fi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀.

Sípíríǹgì rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Méjì ni, wọ́n wé mọ́ irin gbọọrọ kan lókè ilẹ̀kùn. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irin róbótó oníhò mẹ́rin, tí nọ́ọ̀tì kéékèèké méjì dè. Wẹ́dà àdúgbò wa kàn wò ó, ó ní kí n mú sípánà wá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná!" Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì gan-an ni sípíríǹgì ń le jù. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá irin dì í mú nínú ihò, sípíríǹgì náà lè fọ́ ọ lọ́wọ́. Inú bí wẹ́dà náà, ó lọ.

Irin 12 tí a fi ń da dẹ́kì ni mo ní nílé, àmọ́ ó ń mì nínú ihò. Ṣé kí n lọ gbẹ́ ọ̀pá tó bá a mu ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ yí i kó tó dẹ̀? Bí ẹ bá mọ ẹni tó ti ṣe é rí l'Ákùrẹ́ tàbí l'Óǹdó, ẹ jọ̀ọ́, mo máa sanwó.