Ọ̀dà ara ṣẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì àwọn ọmọ mi ń ṣí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa aṣọ kíkùn, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ya ìràwọ̀ àti igi Kérésìmesì sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun fáwọn ọmọ mi mẹ́ta. Mo fi ọ̀kan dánra wò: mo ki páálí sínú rẹ̀ kí ọ̀dà má baà yọ sẹ́yìn, mo kùn ún, mo sá a gbẹ. Ó dára débi pé àbígbẹ̀yìn mi fẹ́ wọ̀ ọ́ sùn! Àmọ́ mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọ̀dà aṣọ gan-an ni mo lò o. Ṣé torí pé n kò kọ́kọ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà ni? Àbí ó yẹ kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ láti inú lẹ́yìn tó gbẹ? Méjì ló kù, n kò fẹ́ ba wọ́n jẹ́.