Ṣé ká gba ẹ̀gbẹ́ òkè yìí ni, àbí ká yí ọ̀nà padà?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè oníyìnyín dunjú. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi ski, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín, gun òkè kan lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ìkìlọ̀ ewu pé yìnyín lè ya lulẹ̀ látorí òkè wà ní ìpele 3 nínú 5. Afẹ́fẹ́ ti gbá yìnyín tuntun jọ sí ibi tá a fẹ́ gbà gan-an, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ sì tó dígírì 35. Lánàá, mo gbẹ́ yìnyín ìsàlẹ̀ òkè náà wò: apá òkè yìnyín náà le, ó dì pọ̀, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ rí wóró-wóró bíi ṣúgà, kò lẹ̀ mọ́ra rárá. Bá a ṣe ń rìn lórí ibi tó tẹ́jú, yìnyín dún “wúùmù” lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó sì sán.

Ọ̀rẹ́ mi ní kò séwu, pé a ṣáà ní ẹ̀rọ tá a fi ń wá ẹni tó bá rì, ọ̀pá gígùn àti ṣọ́bìrì. Ọkàn mi ò gbà á. Àwọn yẹn ò ní kí yìnyín má ya lulẹ̀.

Ṣé ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ò tó dígírì 30 nìkan ni ká máa gbà, tí kò sì sí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lókè orí wa? Kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó gbà pé abẹ́ yìnyín ti lẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí ọ̀rẹ́ mi á fi gbọ́?